Àbímọ́ àti Àkọ́jogún: Èrò Kan lórí Ọ̀rọ̀ tí A Fi Ń Ṣàlàyé Ìṣesí Ẹranko

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin atúmọ̀ èdè jíròrò lé lórí: àjogúnbá àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dára, wọ́n sì ti pẹ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tí a gbà ń lò wọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa ìṣesí ẹranko, ó dá mi lójú pé wọ́n ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ń pa ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ yà sọ́tọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí dúró lé lórí.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì kan ní Àkúrẹ́. Olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi níbi àpérò àwọn olùkọ́ kan ní Oǹdó, ó sì gbà kí n kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ òun tàbí ilé-ẹ̀kọ́ òun. Bàọ́lọ́jì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé wọn, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe, Yorùbá ni ó fi ń ṣàlàyé nígbà tí ó bá rí i pé ọ̀rọ̀ kò wọ̀ wọ́n létí mọ́. Ó pín ojú pátákó sí méjì. Ní apá kan ó kọ 'ìwà àjogúnbá', ó sì fi ẹ̀ga tí ń hun ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ní apá kejì ó kọ 'ìwà àkọ́ṣe', ó sì fi ajá tí ń gbọ́ àṣẹ olówó rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọkùnrin kan nawọ́. Akọ̀pẹ ni bàbá rẹ̀, ní agbègbè Òwènà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ó ní: 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, àwọn ẹ̀ga kéékèèké kì í mọ ilé hun. Tiwọn máa ń rí wúruwùru ni. Bàbá mi ní iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́.' Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò tíì parí: 'Àti pé, sà, ọ̀dọ̀ bàbá tiwọn ni bàbá mi ti jogún ọ̀pẹ kíkọ. Ṣé ìwà àjogúnbá ni ìyẹn náà?'

Olùkọ́ náà sọ fún mi pé òun ní kí ó jókòó.

Ọmọ náà kò ṣì. Èdè rẹ̀ ni ó gbọ́ dáadáa. Ogún, ní ilẹ̀ Yorùbá, ni ohun tí ẹni tí ó ti lọ fi sílẹ̀ tí àwọn ọmọ ń pín: oko, ilé, aṣọ, oyè, nígbà mìíràn gbèsè. Iṣẹ́ ìdílé náà jẹ́ ogún. Ọmọ onílù jogún ìlù, ọmọ alágbẹ̀dẹ jogún ẹwìrì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbà pé ọmọ onílù ti mọ ìlù lù láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ó ní láti jókòó ti àgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọ bá fi imú jọ bàbá rẹ̀, ogún kọ́ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn. A ó ní ó jọ ọ́, tàbí pé a bí i mọ́ ọn. Nítorí náà nígbà tí a mú 'àjogúnbá' láti fi pe ohun tí ó ti ara òbí wọ ara ọmọ nípa jíìnì, ìlẹ̀kùn tí a ṣí kì í ṣe èyí tí a fẹ́ kí ọmọ gbà wọlé.

Ọ̀nà méjì ni ìṣesí ń gbà ti ìran kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀nà kìíní ni ti jíìnì. Ọ̀dọ̀ òbí nìkan ni ó ti ń wá, ọjọ́ tí oyún dúró ni a gbà á, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ̀ ọ́. Ọ̀nà kejì ni ti ojú àti etí. A lè gbà á lọ́dọ̀ ìyá, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, lọ́dọ̀ àlejò tí ó dé lánàá. Ó lè tàn kárí agbo kan láàárín ọdún díẹ̀, ó sì lè parẹ́ pátápátá bí ìran kan ṣoṣo bá kùnà láti gbà á. Méjèèjì ni ó ń yí padà bí ìgbà ti ń lọ. Mo dábàá pé kí a máa pe ti ọ̀nà kìíní ní àbímọ́, kí a sì máa pe ti ọ̀nà kejì ní àkọ́jogún. Àbímọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Èmi ni mo so àkọ́ àti jogún pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí mo ń wí: ogún tí a kò lè jẹ àfi bí a bá kọ́ ọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kọ ìṣesí tí n kò kọ ìwà. Ìwà ní ìdájọ́ nínú. Ẹni tí ó bá ní èèrà ní ìwà rere ti fi èèrà wé ọmọlúàbí, ẹ̀kọ́ sì ti di ààlọ́. Ìṣesí kò kọjá ohun tí ojú rí pé ẹranko ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀ga, nítorí kò sí ọmọ Àkúrẹ́ tàbí ọmọ Oǹdó tí kò mọ ariwo rẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Láàárín àwọn ẹ̀ga, akọ ni í hun ilé. Abo ni í wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ilé tí abo kò bá gbà títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ náà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ tú u, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nicholas Collias àti Elsie Collias, tọkọtaya onímọ̀ ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, tọ́jú irú ẹ̀ga yìí gan-an sínú àgò, wọ́n sì tẹ àbájáde kan jáde ní 1964. Wọ́n mú àwọn akọ kéékèèké, wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí ewé tàbí koríko tí wọ́n lè fi hun nǹkan títí wọ́n fi tó bí ọmọ ọdún kan. Nígbà tí wọ́n wá fún wọn ní ewé, wọ́n ń gbé e, wọ́n ń sọ ọ́ nù, wọn kò sì mọ bí a ti í tì í bọ ara wọn. Lẹ́yìn ìgbìyànjú ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọwọ́ wọn mọ́ díẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò bá àwọn tí ó ti ń fi ewé ṣeré láti kékeré dọ́gba.

Kí ni a ó wá kọ sí ojú pátákó? Ìfẹ́ tí ẹ̀ga ní sí ewé tútù, àti ohun tí ń tì í láti máa gún ewé bọ inú ewé, àbímọ́ ni. Kí ilé tó dúró lórí imọ̀ ọ̀pẹ nígbà ìjì, ẹ̀kọ́ ni. Bàbá ọmọ ọjọ́sí rí òtítọ́ láti orí igbà rẹ̀. Ohun kan ni ó kù tí kò fi gún régé: ẹ̀ga kékeré kò nílò ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbìyànjú títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́. Mo ń pe èyí ní àdákọ́, kí ó má baà dàrú mọ́ àkọ́jogún, nítorí ohun tí ẹyẹ kan dá kọ́ tí ó sì bá a kú kì í ṣe ogún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ìbátan ẹ̀ga náà a ti rí àkọ́jogún. Ní 2024 ni a tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹyẹ kan tí ó bá ẹ̀ga tan, tí ń gbé ní aṣálẹ̀ Kàlàhárì ní gúúsù Áfíríkà. Agbo-agbo ni wọ́n ń gbé, gbogbo agbo ni í sì jọ hun ilé. Agbo kan ń ṣe ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ gùn bí ọwọ́ ẹ̀wù, agbo mìíràn tí kò jìnnà sí i ń ṣe tirẹ̀ ní kúkurú, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún tí olúkúlùkù kò yí padà. Àwọn onímọ̀ náà wo ojú ọjọ́, wọ́n wo gíga igi, wọ́n wo bí àwọn ẹyẹ náà ti bá ara wọn tan sí: kò sí èyí tí ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Ẹyẹ tí ó bá ti agbo mìíràn ṣí wá a sì máa bá àwọn onílé hun irú tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni ti ìnàkí. (Ìnàkí ni mo ń pe ẹranko yìí; àwọn mìíràn ń pè é ní elégbèdè, ìjà orúkọ náà sì lè dúró di ọjọ́ mìíràn.) Ní Bossou, ní orílẹ̀-èdè Gínì, níbi tí Yukimaru Sugiyama ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1976, ìnàkí ń pa ẹ̀kùrọ́. Ẹ̀kùrọ́ ọ̀pẹ tí àwa náà mọ̀ ni mo wí. Yóò gbé e lé orí òkúta tí ó tẹ́, yóò fi òkúta mìíràn lù ú, yóò jẹ ọmọ inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ìnàkí a jókòó ti ìyá rẹ̀, a máa wò ó; a gbé òkúta, a jù ú nù; a gbé ẹ̀kùrọ́ láìsí òkúta, a lu òkúta láìsí ẹ̀kùrọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ó máa ń tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Èyí tí ó bá tó bí ọmọ ọdún méje tí kò tíì mọ̀ ọ́n kì í mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sí àgbà tí ń di ọwọ́ ọmọ mú. Àwòkọ́ṣe ni, ọ̀rọ̀ yìí sì wà nílẹ̀ fún wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire, níbi tí Christophe Boesch àti Hedwige Boesch ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979, èso igbó mìíràn ni àwọn ìnàkí ń fi igi àti òkúta fọ́. Ní 2007 àwọn awalẹ̀pìtàn tí Julio Mercader darí wọn kéde pé àwọn òkúta tí ìnàkí fi fọ́ èso ní igbó náà ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí 4,300 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá dé odò Sassandra, ní ìhà ìlà-oòrùn, igi wà, òkúta wà, ìnàkí wà. Èso fífọ́ kò sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún a rò pé odò náà ni ààlà, títí di 2006 tí Bethan Morgan àti Ekwoge Abwe fi ròyìn rẹ̀ láti igbó Ebo ní Kamẹrúùnù, ibi tí ó jìn ju 1,700 kìlómítà lọ sí Taï. Ní àárín ibi méjèèjì ni Nàìjíríà wà. Ní Gàṣáká, ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, ọ̀pẹ wà, òkúta sì pọ̀, ìnàkí ibẹ̀ kì í pa ẹ̀kùrọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gé láti fi wa oyin àti láti fi kó ìjàlọ jẹ. Jíìnì kò lè sọ fún wa ìdí tí ẹ̀kùrọ́ fi jẹ́ oúnjẹ lápá kan tí kò sì jẹ́ oúnjẹ lápá kejì. Ìtàn ni yóò sọ ọ́, ìtàn ìnàkí.

Mo ń sọ èyí fún ẹni tí ó ń gbé ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú ìdí. Ìnàkí wà nínú igbó ìjọba Ìdànrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pákó gígé, oko dídá àti ìbọn ọdẹ ti sọ wọ́n di ìwọ̀nba. Bí a bá gbà pé gbogbo ìṣesí ìnàkí jẹ́ 'àjogúnbá' ní ìtumọ̀ ti pátákó, a ó rò pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́ bí ti Ìdànrè bá run níwọ̀n ìgbà tí irú wọn bá kù níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àkọ́jogún, agbo kan tí ó run ti gbé tirẹ̀ lọ. Ní Bossou fúnra rẹ̀, àìsàn ikọ́ kan pa márùn-ún nínú wọn ní 2003, àwọn tí ó kù níbẹ̀ lónìí kò tó mẹ́wàá. Kò sí bí a ti lè kó ìnàkí láti ibòmíràn wá síbẹ̀ kí òkúta wọ̀nyẹn sì sọ ìlò ara wọn fún wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyàtọ̀ tí mo ń tẹnu mọ́ yìí mú ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀nà méjèèjì kò pàdé. Agbára láti kọ́ nǹkan fúnra rẹ̀ jẹ́ àbímọ́. Àkọ́jogún náà sì lè padà wá yí àbímọ́ padà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lára wa. Ní 1958, Frank Livingstone ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó láti gbin iṣu, omi dídúró pọ̀ sí i, ẹ̀fọn ibà rí ibi gbé, jíìnì tí ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ibà sì wá ń pọ̀ láti ìran dé ìran, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ni ó ń fa fòníkú-fọ̀la-dìde nínú ọmọ tí ó bá gbà á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì. Iṣu gbígbìn kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Èyí ni ó mú mi dé orí ìyípadà náà fúnra rẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn kan pè é ní 'ìdàgbàsókè'. Kò tọ̀nà rárá. Ọmọ ni í dàgbà, ìlú ni í ní ìdàgbàsókè. Ohun tí ó ń dàgbà sókè ní ibi tí ó ń lọ. Àwọn mìíràn sọ ọ́ di ẹfolúṣọ̀n, èyí kò sì burú fún orúkọ orí ìwé, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ohunkóhun fún ọmọ tí ó gbọ́ ọ. Àyípadà ìrandíran ni mo ń kọ sí ojú pátákó tèmi. Bí a bá sì dé orí àṣàyàn àdánidá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kò sí ẹni tí ń ṣà. Asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì kò mọ ohun tí ó ń ṣe, síbẹ̀ èérí ń kù lókè, ògì ń bọ́ sínú omi.

Ó tó àkókò kí a wo ọ̀rọ̀ kejì. Ẹ wá sí oko kòkó kan lẹ́yìn Oǹdó. Lórí igi, èèrà pupa ń rán ewé pọ̀. Àwọn kan a fi ẹnu di etí ewé kan mú, òmíràn a di ìbàdí ti iwájú mú, wọ́n a so ara wọn bí ẹ̀wọ̀n, wọ́n a fa ewé méjì pàdé. Àwọn mìíràn a gbé ìdin inú agbo wọn lẹ́nu, a máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún bí abẹ́rẹ́. Òwú tí ń ti ẹnu ìdin náà jáde ni a fi rán ilé wọn. Lábẹ́ igi kan náà, ọkùnrin márùn-ún ń ro oko fún ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé lọ́la tàbí lọ́tùn-únla ó di oko ẹlòmíràn. Ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ pe ti òkè ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ó pe ti ìsàlẹ̀ ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi onímọ̀ léèrè ìdí tí àṣàyàn àdánidá kò fi pa èyí tí ń wahálà fún ẹlòmíràn run, ìdáhùn méjì tí kò jọ ara wọn ni yóò fún wa.

Fún èèrà, ìdáhùn náà ni ti W. D. Hamilton, ní 1964. Àwọn òṣìṣẹ́ náà, abo ni gbogbo wọn, ọmọ ìyá kan sì ni wọ́n. Bí èèrà kan kò bá tilẹ̀ bímọ, jíìnì tí ó mú un ṣiṣẹ́ wà lára àwọn àbúrò tí ó ń tọ́. Hamilton fi ìṣirò hàn pé ìrànlọ́wọ́ yóò dúró bí èrè ẹni tí a ràn lọ́wọ́, tí a bá fi ìwọ̀n ìbátan wọn ṣe ìlọ́po rẹ̀, bá ju ohun tí olùrànlọ́wọ́ pàdánù lọ. Ta ni yóò kọ́ Yorùbá ní ìwọ̀n ìbátan? Ọmọ ìyá tí wọ́n tún jọ ní bàbá jọ ní ìdajì. Ọbàkan jọ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Bàbá tí ó fẹ́ aya méjì mọ ìyàtọ̀ náà kí ìwé tó dé. Láàárín èèrà àti oyin, níbi tí akọ ti ń jáde láti inú ẹyin tí a kò gbà ní àtọ̀, àwọn abo tí wọ́n jọ ní ìyá àti bàbá jọ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. A ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó so wọ́n pọ̀: àjọbí. Ìrànlọ́wọ́ àjọbí ni kí a máa pe ti èèrà.

Fún àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ igi, àwọn fúnra wọn ti sọ orúkọ rẹ̀: àáró ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n lè má bá ara wọn tan. Ohun tí ó mú un dúró ni pé ó ń yí ká, àti pé wọ́n ń rántí. Ẹni tí ó bá jẹ ti àwọn yòókù tí kò wá ro tiwọn, a ó fò ó dá ní ọdún tí ń bọ̀. (Kí a má ṣe fi ọ̀wẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ń se oúnjẹ, kò sì sí ẹni tí ń ka ìyípo.) Nígbà tí Robert Trivers kọ̀wé ní 1971 lórí bí irú ìrànlọ́wọ́ báyìí ti lè dìde láàárín ẹranko, ohun tí ó tò sílẹ̀ ni gbogbo òfin àáró: pípàdé lemọ́lemọ́, ìrántí, àti ìyà fún ọ̀jẹ̀lẹ́. Ní 1984 Gerald Wilkinson tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí àwọn àdán amẹ̀jẹ̀ ní Costa Rica, irú èyí tí kò sí ní Áfíríkà. Bí àdán yìí bá pa nǹkan bí òru mẹ́ta láìjẹun, yóò kú. Èyí tí ó yó a máa pọ ẹ̀jẹ̀ fún èyí tí ebi ń pa nínú ihò kan náà. Ní 2013 òun àti Gerald Carter fi hàn pé ẹni tí ó ti fún ọ jẹ rí ni ìwọ náà ń fún jù, àní ju ìbátan lọ. Àáró ni.

Oríṣi kẹta wà tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìnàkí Taï bá jọ lé ọ̀bọ lórí igi, tí ọ̀kan ń lé, tí òmíràn ń dènà, àwọn tí ó kópa ni ẹran ń kàn jù, ní ọjọ́ náà gan-an. Kò sí gbèsè, kò sì dìgbà tí a bá jẹ́ ẹbí. Àjọjèrè ni mo pè é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní àáró ní ìpinnu nínú, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú, àdán kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ní èdè mìíràn ń lò, ọjà, gbèsè, ìdọ́gba, láti àárín ènìyàn ni a ti mú wọn pẹ̀lú. Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a sọ, ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá lò ó, pé ìyípo àti ìrántí ni a mú nínú àáró, a fi àdéhùn sílẹ̀. Ewu tí ó tóbi jù lójú tèmi ni ti 'ìfọwọ́sowọ́pọ̀', tí ó fẹjú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi lè gba máàkì lórí rẹ̀ láìmọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀.

Àáró fúnra rẹ̀, ní Oǹdó, àkọ́jogún ni. Àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ròyìn rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ohun tí ó ti jìnnà, nítorí pé lébìrà tí a ń san owó fún ti gba ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oko. Jíìnì wọn kò yí padà láàárín ìgbà náà. Ìran kan ni kò wò ó kọ́.

Ó lè jọ pé mo ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ ní àkókò tí ìjọba ti pa ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ dé. Ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tí Babs Fáfúnwá wà nídìí rẹ̀, fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, kí ó má sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. Ìwé Èdè-ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, ṣe iṣẹ́ ńlá fún èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí kò sí nínú ohun tí wọ́n dáwọ́ lé. Ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba kọ́ ni ó mú ọmọ akọ̀pẹ nawọ́ ní Àkúrẹ́. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà níwájú rẹ̀. Yorùbá ni ó fi ronú, Yorùbá ni ó sì fi ká olùkọ́ mọ́. Yóò máa rí bẹ́ẹ̀ bí ìjọba fẹ́ bí wọ́n kọ̀, olùkọ́ ni yóò sì máa wá ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Ní Taï, ìyá ìnàkí mìíràn a máa fi òkúta tirẹ̀ àti èso tí kò tíì fọ́ sílẹ̀ nítòsí ọmọ, òun a sì lọ wá òmíràn, bí ìyá wa ti ń fi ìwọ̀nba èlùbọ́ sílẹ̀ nínú igbá fún ọmọ tí ń bá a rokà. Kò kọ́ ọ. Kò sì lè jẹ́ àwòkọ́ṣe, nítorí pé ìyá kò sí níbẹ̀ láti wò. Ìfisílẹ̀ ni mo ń kọ sínú àkọsílẹ̀ mi títí di òní, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fi ránṣẹ́ sí olótùú.